Bí Mo Ṣe Fi Ẹsẹ̀ Rìn Padà sí Ìrókò Nítorí Èèkàn Kan

Àkùkọ ti kọ lẹ́ẹ̀mejì ní Ajíbọ́dé, èmi ṣì ń wá bàtà ẹsẹ̀ òsì mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀ èmi náà ni mo sọ fún gbogbo àgbolé ní ọjọ́ tí ó ṣáájú pé ìrìn àjò pàtàkì ni mò ń lọ, pé kí ilẹ̀ tó mọ́ rárá, ojú títì ni wọn yóò ti máa gbọ́ ìró bàtà mi. Ìyàwó mi, Rèbékà, ló fi ìdí ìgbálẹ̀ wọ́ bàtà náà jáde lẹ́yìn àpótí. Ó ní, "Bàbá ìrìn àjò, ẹ gba ẹsẹ̀ yín."

Ìrókò ni mò ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ á ti máa rẹ́rìn-ín, nítorí Ìrókò kò jìnnà. Ẹni tí ó bá jẹ oúnjẹ àárọ̀ nílé lè jẹ ọ̀sán níbẹ̀, kí ó sì padà wá jẹ alẹ́ lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ru ìgbéraga bí mo ṣe rù ú lọ́jọ́ yẹn, ọ̀nà kì í kúrú fún un. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo de táì, mo ki bírò mẹ́ta bọ àpò àyà. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń kọ.

Kí n tó gbéra, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń wá lọ. Òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ni mí nígbà náà nínú yàrá ìwádìí kan ní yunifásítì. Ọ̀gá mi, Dókítà Ayọ̀délé, ń ṣiṣẹ́ lórí ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní núkíléìkì ásíìdì. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn bà yín lẹ́rù. Ó ba èmi lẹ́rù fún oṣù mẹ́rin, kò sì pa mí. Okùn kan ni, tí ó tín ju ohun tí ojú lè rí lọ, tí ó wà nínú gbogbo ohun tí ó ń mí àti gbogbo ohun tí ó ń hù. Òun ló ń sọ fún iṣu pé iṣu ni kó ta. Òun ló ń jẹ́ kí ọmọ jọ bàbá rẹ̀, bàbá ìbáà fẹ́, ìbáà kọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ oríṣi mẹ́rin péré ni a sín sí okùn náà, bí wọ́n bá sì ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn ló ń sọ ohun tí okùn yóò ṣe. Ọ̀gá mi fẹ́ fi ọwọ́ sín kékeré kan, ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́jọ péré.

Bí a ṣe ń sín in nìyí. Ìlẹ̀kẹ̀ àkọ́kọ́ á ti lẹ̀ mọ́ hóró wẹ́wẹ́ kan bíi yanrìn nínú ọ̀pá gíláàsì. A ó da oògùn kan sí i láti là á lẹ́nu, a ó fọ̀ ọ́, a ó da ìlẹ̀kẹ̀ tuntun sí i, a ó da oògùn tí yóò so wọ́n pọ̀ tẹ̀ lé e, a ó tún fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà a ó gbẹ ẹ́. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà fún ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìlẹ̀kẹ̀ méje ló sì kù tí a ó fi kún ti àkọ́kọ́. Bí a kò bá fọ̀ ọ́ mọ́, ìlẹ̀kẹ̀ tí kò rí ibi lẹ̀ mọ́ á wà níbẹ̀, á sì ba ti ẹ̀yìn jẹ́. Fífọ̀ yẹn ni iṣẹ́ tèmi.

Ẹ ó ní kí ló le níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni kí n máa fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Màá kà á dé ẹ̀ẹ̀meje, ẹnì kan á yọjú lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Ṣé kí n dákẹ́ ni? Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í gbọ́ ìkíni kó di etí. Màá dáhùn, màá bèèrè ìyàwó, màá bèèrè ọmọ, màá bèèrè ìyá tí ara rẹ̀ kò yá. Nígbà tí mo bá fi máa padà sídìí gíláàsì, ṣé ẹ̀ẹ̀meje ni mo wà ni, àbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì-méjì jẹ́ báyìí. Lẹ́ẹ̀kẹta, Dókítà kò pariwo. Ó kàn jókòó, ó wò mí lọ́wò ìyanu, ó ní, "Tìmótì, ẹ̀rọ ni yóò máa ṣe é. Ẹ̀rọ kì í kí èèyàn."

Ó ní ní òkè òkun, wọ́n ti ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún okùn mìíràn tí ó wà nínú ẹran àti ẹyin, àwọn kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìyànjú ti núkíléìkì. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó tirẹ̀ jọ: ìgò, ọ̀pá rọ́bà, páńpù kékeré tí ó tú lára ẹ̀rọ àlòkù, mọ́tò kan tí ń yí jẹ́ẹ́jẹ́. Ohun tí ó kù ni ọpọlọ rẹ̀, èyíinì ni àgbá igi roboto kan tí a ó gún èèkàn wẹ́wẹ́ sí lára. Bí àgbá bá ti ń yí, èèkàn kọ̀ọ̀kan á tẹ súìṣì, ìgò tirẹ̀ á ṣí, oògùn á ṣàn wọlé. Àgbá tí ó fẹ́ yìí, òkè òkun kò lè fi ránṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Bí mo ti gbọ́ pé igi ni, mo kígbe pé mo mọ káfíńtà kan ní Ìrókò tí ń yí igi bí ẹni ń yí ẹ̀bà. Òótọ́ ni pé mo mọ̀ ọ́n. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan.

A rán awakọ̀ kan sí i kí ó yí àgbá náà sílẹ̀. Ó kù kí n gbé ìwé tí ibi èèkàn wà nínú rẹ̀ lọ fún un, kí ó gún wọn, kí n sì gbé e bọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́rú ni. Ní ọjọ́bọ̀, àlejò kan láti òkè òkun ń bọ̀ wá wo ẹ̀rọ. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bí ó bá ṣiṣẹ́ lójú àlejò, a ó rí owó iṣẹ́, wọn yóò sì gba ẹnì kan sí iṣẹ́ gidi láti máa tọ́jú ẹ̀rọ. Bí kò bá ṣiṣẹ́, wọn yóò gba yàrá yìí fún ẹlòmíràn. Ìwọ ni mo fẹ́ kí wọ́n gbà, Tìmótì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè kà ni mo ń wá. Èèkàn mọ́kànlélógójì ni. Kà wọ́n kí o tó gbà wọ́n." Oyún Rèbékà ti pé oṣù méje. Ọkọ́ mi sì wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn bàbá mi ní Lálúpọ̀n, bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e, nítorí ó dá a lójú pé màá padà wá lò ó. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ìrìn àjò mi kì í ṣe ti eré.

Láti Ajíbọ́dé, mo fi ẹsẹ̀ gba ojú ọ̀nà oko dé Òjóò. Ìrì rẹ ṣòkòtò mi dé orókún, bàtà tí mo fi ń yangàn wá ń dún bí ọ̀pọ̀lọ́. Ní Òjóò, mo wọ bọ́lẹ̀kájà Súlè, awakọ̀ tí a rán níjọ́sí. Sísì ni owó ọkọ̀ dé Ìrókò fún ẹni tí ó bá jókòó sẹ́yìn lórí pákó, ṣílè kan fún ẹni tí ó bá jókòó níwájú. Mo fẹ́ jókòó níwájú nítorí táì mi. Àpò mi ní kí n lọ sẹ́yìn.

Ọkọ̀ dúró ní Mọ́níyà kí àwọn èèyàn lè jẹun. Ẹ̀kọ méjì àti àkàrà mẹ́rin, tọ́rọ́. Àkàrà Mọ́níyà tóbi ju ti Òjóò lọ, ṣùgbọ́n ata inú rẹ̀ kò mọ ẹni tí ó de táì. Níbi tí mo ti ń fẹ́ ẹnu ni Súlè ti bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣé dókítà ni yín?"

Kí ló dé tí n kò sọ pé rárá? Mo húkọ́ díẹ̀, mo ní, "A wà nínú iṣẹ́ yẹn."

Ó tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí ó jókòó tì mí ti fa ọmọ rẹ̀ síwájú, ó yí etí rẹ̀ sí mi. "Dókítà, ẹ bá mi wò ó. Ó ti ń ṣàn láti ọjọ́ ìsinmi." Mo wo etí, etí náà wò mí. Mo ní kí ó máa fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ó sì gbé e lọ sí ọsibítù ní kíá. Fífọ̀ nìkan ni iṣẹ́ tí mo mọ̀ láyé. Obìnrin náà dúpẹ́ títí, ó fún mi ní ọsàn méjì, mo sì gbà á. Kí Ọlọ́run má ka ọsàn yẹn sí mi lọ́rùn.

Lẹ́yìn Akínyẹlé, ebè iṣu ló kù lọ́tùn-ún lósì, àti obì àti kòkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Ọ̀dà ojú títì ti ń jẹ, kòtò pọ̀ níbẹ̀, gbogbo ìgbà tí táyà bá sì bọ́ sí ọ̀kan, pákó tí a jókòó lé á jù wá sókè, a ó jọ ṣe "Yéè!" lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ. Oòrùn ti mú nígbà tí a dé Ìrókò.

Káfíńtà tí mo ń wá ń jẹ́ Bàbá Làmídì, àgbà onírùngbọ̀n funfun, tí ó máa ń wà ní igun ahéré rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìyígi elẹ́sẹ̀. Bí ó bá ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ pákó ìsàlẹ̀, igi á máa yí lókè, fùlùfúlù igi á máa ta sí i nírùngbọ̀n. Ní Ìbàdàn, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́, iye owó lẹ ó kọ́kọ́ sọ. Ní Ìrókò, ìwọ̀sí ni. Mo ní, "Bàbá, èló ni?" Ó ní, "Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà ní Ìbàdàn?" Mo tún ní èló ni. Ó ní, "Ìyá Làmídì, ẹ bu omi fún àlejò." Ìgbà tí mo mu omi tán, tí mo bèèrè ilé, oko àti ẹran ọ̀sìn, ni ó tó wí pé ṣílè méje. Mo ná an dé ṣílè márùn-ún àti sísì. Nígbà náà ni ẹnu mi, tí kò gbọ́ tèmi rí, là, tí ó sì wí pé, "Bàbá, ẹ ó fi èènì sí i fún mi o."

Mo mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ó bá ra garí tí kò bèèrè èènì, wọ́n á ní ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń bèèrè èènì lọ́wọ́ káfíńtà? Ẹni tí ó bá ra àga, ṣé ẹsẹ̀ karùn-ún ni kí wọ́n fi kún un? Àṣà ló gba ẹnu mi sọ̀rọ̀. Bàbá Làmídì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa. A ó wò ó."

Ó tẹ́ ìwé Dókítà sí ojú àgbá náà, ó fi ẹ̀kọ tútù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó ní òun ó máa lu ihò gba orí ìwé náà kọjá, kí ọwọ́ má baà yẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo tí a ní nìyẹn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà wù mí. Ibẹ̀ ni Ìyá Làmídì ti gbé iyán wá pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí ẹran ọ̀yà ń wò nínú rẹ̀. Èmi tí a rán pé kí n máa ṣọ́ iṣẹ́, mo ṣọ́ iyán. Lẹ́yìn iyán, mo ní kí n fi ẹ̀yìn kan ẹní fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Nígbà tí mo jí, òjìji igi ti yí sí apá kejì. Àgbá náà wà lórí àpótí níwájú mi, ó dán, ó jọ̀lọ̀. Bàbá ti ha ìwé kúrò lára rẹ̀ pátápátá, ó ti fi àdín pa á. Igi apá ni àgbá, igi ọsàn ni àwọn èèkàn, ó sì ki wọ́n wọlé le láìlo àtè. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ sunkún.

Bàbá ní, "Ṣé ẹ ó kà á?"

Ẹ gbọ́ èsì tí mo fún un. "Bàbá, ẹ̀yin kẹ̀? Kí èmi ọmọ yín máa ka iṣẹ́ lẹ́yìn yín? Àbùkù ńlá nìyẹn." Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ikùn mi kún, ọkọ̀ Súlè sì ti ń fọn fèrè. Bàbá àti ìyàwó rẹ̀ sìn mí dé ojú títì, wọ́n dúró títí ọkọ̀ fi gbéra.

Ní Akínyẹlé, ẹ́ńjìnnì hó, èéfín bo gbogbo wa, a bọ́ sílẹ̀ kí Súlè lè wá omi. Bí mo ti gbé àgbá náà lé itan lábẹ́ igi, àwọn èrò yí mi ká. Ṣé ẹ mọ̀ mí tán báyìí? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé núkíléìkì fún wọn. Mo ní ẹ wò ó, èèkàn mọ́kànlélógójì ló wà níbí, ẹyọ kan kò gbọ́dọ̀ dín, ẹyọ kan kò gbọ́dọ̀ lé. Àgbàlagbà kan tí ó dé fìlà alájì ní, "Ẹ kà á ká gbọ́." Mo kà á jáde sókè. Mo dé méjìlélógójì.

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní mo ṣì í kà. Mo tún un kà, méjìlélógójì. Alájì gbà á lọ́wọ́ mi, ó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà rẹ̀ kà á, èèkàn kan, hóró kan. Méjìlélógójì. Mo rántí pé mo bèèrè èènì, mo sì mọ ohun tí àgbà yẹn ṣe fún mi láti inú rere ọkàn rẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé ṣé èmi kò lè fa ọ̀kan yọ kí iye rẹ̀ pé? Èṣù sọ bẹ́ẹ̀ fún mi létí, n kò ní purọ́. Mo tilẹ̀ ti fi ọwọ́ mú ọ̀kan. Ṣùgbọ́n èwo ni èènì nínú wọn? Gbogbo wọn jọra, Bàbá sì ti ha ìwé dànù. Bí mo bá yọ èyí tí kì í ṣe òun, ìgò tí ó yẹ kó ṣí kò ní ṣí, ìlẹ̀kẹ̀ á ṣìnà lójú àlejò, èmi á sì padà sídìí ọkọ́ mi ní Lálúpọ̀n pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ titun. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ èèkàn náà, mo sì ti fi í sílẹ̀ ní Ìrókò.

Súlè ti bu omi sí ọkọ̀. Ó ní, "Dókítà, ẹ wọlé ká lọ."

Mo ní, "Mò ń padà."

"Padà sí ibo?"

"Ìrókò. Èèkàn kan ló lé."

Ó wo àwọn èrò, ó wò mí. "Èèkàn kan ló máa sọ yín kalẹ̀? Ẹ ò rò ó dáadáa." Ó fi ọkọ̀ sí jíà, ó lọ.

Ọkọ̀ méjì kọjá, wọ́n kún fọ́fọ́. Mo fi ẹsẹ̀ rìn. Máìlì kìíní, bàtà ń bu mí ṣán. Máìlì kejì, mo so okùn bàtà méjèèjì pọ̀, mo fi wọ́n kọ́ ọrùn. Àgbá náà wúwo, nítorí náà mo tú táì mi, mo ká a roboto, mo fi ṣe òṣùká, mo gbé àgbá lé e lórí. Àwọn àgbẹ̀ tí ń bọ̀ láti oko ń kí mi, "Ẹ kú ẹrù o!" Mo ń dáhùn. Ọ̀kan bi mí pé ṣé odó ni mo ru. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ̀ mí láti jẹ́ onímọ̀.

Bàbá Làmídì wà lórí ìrun nígbà tí mo dé. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí ó fi kírun tán. Mo sọ fún un pé èèkàn kan ti lé.

Ó ní, "Èènì ni. Ẹ̀yin lẹ bèèrè rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mo wá bẹ̀ yín kí ẹ yọ ọ́."

"N kò kàn fi í síbi tí ó wù mí o. Ibi tí ó ṣófo ni mo fi í sí. Ẹ wò ó, ìtò méje ló wà níbí, ìtò karùn-ún yìí..."

Mo já a lẹ́nu. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìwé ni. Ẹni tí ó kọ ọ́ ti dé òkè òkun. Bó ti wà nínú ìwé ló gbọ́dọ̀ wà."

Ó mú ẹ̀mú, ó fa èèkàn kan yọ láìwá a rárá, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ní, "Láti kékeré ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹnì kan kò tíì dá èènì mi padà rí." Mo dọ̀bálẹ̀, mo na ṣílè kan sí i, kò gbà á. Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ìyá Làmídì wo ojú mi, ó wọlé lọ. Nígbà tí mo ń lọ, kò sí ẹni tí ó sìn mí. Mo fi èèkàn náà sápò, mo gbé àgbá mi, mo sì dá rìn dé ojú títì bí ẹni tí ó jalè. Ọkọ̀ elépo kan ló gbé mi dé Òjóò.

Oòrùn ti wọ̀ nígbà tí mo dé yàrá ìwádìí. Dókítà ti ń rìn síwá sẹ́yìn. Ó gba àgbá náà, ó kà á. "Mọ́kànlélógójì! Ó pé! Tìmótì, o kà á?"

Mo ní, "Mo kà á, sà." Òótọ́ ni.

Ó dè é mọ́ ẹ̀rọ. Kò da oògùn gidi sí i, omi lásán ló fi dán an wò, ó po èyí tí ó dúró fún ìlẹ̀kẹ̀ ní pupa kí a lè rí i. Àgbá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Omi pupa wọlé, omi funfun fọ̀ ọ́ dànù, gíláàsì mọ́. Ìtò kejì, ó mọ́. Ìkẹta, ìkẹrin, Dókítà ti ń pàtẹ́wọ́. Ní ìtò karùn-ún, omi pupa wọlé, kò jáde. Ẹ̀rọ kò fọ̀ ọ́, ó ń bá tirẹ̀ lọ sí ìgbésẹ̀ tí ó kàn, gbogbo rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ra wọn.

Dókítà pa mọ́tò. Ó fi ìka tọ ìtò náà, ó kà á. Márùn-ún. Ó ka ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mẹ́fà. Ó jókòó sórí sìmẹ́ǹtì. Ó ní, "Èmi ni. Èmi ni mo gbàgbé fífọ̀ kan nínú ìwé. Àlejò ń bọ̀ láàárọ̀, káfíńtà wà ní Ìrókò. Ó parí."

Ọwọ́ mi ti wà nínú àpò kí n tó mọ̀. Ihò wà níbẹ̀, mo ti rí i. Mo ki èèkàn náà bọ̀ ọ́, mo fa bàtà sọ̀kalẹ̀ lọ́rùn, mo fi gìgísẹ̀ rẹ̀ gbá a wọlé. Dókítà wò mí bí ẹni rí iwin. Ó tan mọ́tò. Àgbá yí dé ìtò karùn-ún, omi funfun wọlé, omi pupa ṣàn dànù, gíláàsì mọ́ tónítóní.

Ó ní, "Tìmótì! Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, irọ́ náà ti dé ẹ̀yìn eyín mi, ó sì dùn. N bá kàn ní "Mo kíyè sí i ni, sà." Ṣùgbọ́n ojú Bàbá Làmídì kò kúrò lójú mi. Mo ní, "N kò mọ̀, sà. Bàbá káfíńtà ló mọ̀. Ó ti fi sí i fún wa. Mo fi ẹsẹ̀ rìn láti Akínyẹlé padà lọ ní kí ó yọ ọ́." Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan iyán, títí kan oorun.

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, n kò sì mọ èwo ni ẹ̀rín níbẹ̀, èwo ni ẹkún. Ó ní, "Mẹ́fà lọ́nà méje. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Èmi pẹ̀lú gbogbo ìwé mi, mọ́kànlélógójì ni mo ní kí o kà." Ó nu ojú. "Ìwọ kà á. Ó lé ní ẹyọ kan, o sì rìn padà. Bí wọ́n bá gbà wá lọ́la, ohunkóhun tí mo bá kọ, ìwọ ni yóò máa kà á lẹ́yìn mi kí ó tó jáde nínú yàrá yìí. Iṣẹ́ rẹ nìyẹn. Ní ọjọ́ Sátidé, àwa méjèèjì á jọ lọ sí Ìrókò lọ dọ̀bálẹ̀."

Kí n má fi ọkàn yín sókè: àlejò wá, ẹ̀rọ yí, ó mi orí, wọ́n sì gbà mí síṣẹ́. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò ju èyí lọ: àwa tí a mọ núkíléìkì ń wo iye, Bàbá Làmídì tí kò mọ̀ ọ́n wo iṣẹ́. Ó fẹ́ sọ fún mi, mo sì pa á lẹ́nu mọ́. Ó dùn mí títí di òní.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú yẹn, mo wọ́ ẹsẹ̀ dé ilé. Rèbékà gbé omi gbígbóná wá fún mi láti ki ẹsẹ̀ bọ̀. Mo sọ fún un pé ó dà bíi pé wọn yóò gbà mí síṣẹ́ gidi. Ó kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó wá bi mí pé iṣẹ́ wo ni.

Mo ní, "Kí n máa ka ohun tí ọ̀gá bá kọ, kí ó má baà ṣe àṣìṣe."

Ó wò mí láti orí dé bàtà tí ó kọ́ mi lọ́rùn. Ó fi ọwọ́ kan gbá ògiri mú, ó fi ọwọ́ kejì di ikùn mú, ó sì rẹ́rìn-ín títí àwọn ará ilé fi ń yọjú.

Ó ní, "Ó dára o. Ta ni yóò wá máa ka tiyín?"